Bí Mùdùnmúdùn Àlejò Bá Wọlé

Ní ọdún 2025, nígbà tí ìròyìn jáde láti Èkó pé wọ́n ti pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun fún àgbàlagbà méjì tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ní ilé ìwòsàn LUTH, ní Ìdí-Àràbà, orí fóònù ló gbà dé Atakpamé. Kò pẹ́ tí àwọn ìyá tí ọmọ wọn ń jẹ̀rora egungun fi ń bi ara wọn léèrè iye tí wọ́n ń gbà. Ìyá Ìbejì tó ń ta aṣọ nínú ọjà kò tilẹ̀ béèrè owó. Ó ti parí ọ̀rọ̀ náà nínú ara rẹ̀ kó tó yà sílé mi.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “Táyé ló máa fún Kẹ́hìndé. Inú kan náà ni wọ́n jọ sùn. Ta ló tún kù tí ara wọn máa bá mu jù bẹ́ẹ̀ lọ?”

Èmi ni wọ́n máa ń wá bi nírú ìbéèrè báyìí. Iṣẹ́ lábù ni mo ṣe jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ifẹ̀ Atakpamé ni bàbá mi, àwọn tí Faransé ń pè ní Ana. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wá ṣòwò níbí ni ìyá mi, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ àdúgbò Djama fi ń sọ pé Yorùbá mi ti ‘ará òkè’ ni. Ẹni tó bá ti wo ẹ̀jẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, aráyé á gbà pé òun ni wọ́n ń bi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ló yẹ kí wọ́n lọ bá.

Ohun tí mo sì ń sọ fún gbogbo wọn ni pé ìbéèrè méjì tí wọ́n ń gbé kiri, ta ni yóò fúnni àti èló ni, kì í ṣe ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń dojú rú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Bí mùdùnmúdùn tuntun bá ti wọlé tán, ṣé yóò gbà láti bá ara tó bá nílé gbé? Lórí ìbéèrè yẹn ni àwọn onímọ̀ ti wà láti bí àádọ́rin ọdún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀jẹ̀ náà. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, bí wọ́n bá gbé ọmọ wá tí ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ìdánwò tí a ń pè ní Emmel la kọ́kọ́ ń ṣe. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka, ẹ̀kán omi métabisulfite kan, mo pò wọ́n pọ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, mo fi gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, mo sì fi àbẹ́là yíyọ́ dí etí rẹ̀ yíká kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Oògùn yẹn ń gba ọ́síjìn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Mo lè lọ mu omi kí n padà wá. Bí mo bá fojú sí maikirosíkóòpù, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tó rí roboto lẹ́ẹ̀kan á ti máa fà, wọ́n á nà, wọ́n á tẹ̀ kọdọrọ, etí wọn á mú ṣóńṣó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan ọmọ náà nìyẹn, tí wọ́n fi ń há sójú ọ̀nà tí ìrora fi ń dé. Emmel kò mọ̀yàtọ̀ láàárín AS, ẹni tó jogún S lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, àti SS, ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ méjèèjì tí àrùn náà sì mú. Ìdánwò ẹlẹ́ktírófọ́rẹ́sì ló ń sọ ìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa ní Tógò, SC náà wọ́pọ̀, torí ẹ̀jẹ̀ C tó gbilẹ̀ ní Burkina àti àríwá Gánà dé ọ̀dọ̀ wa.

Sẹ́ẹ̀lì pupa tó dáa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ nínú ara. Ti ọmọ SS kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Mùdùnmúdùn inú egungun ni ìyá ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, pupa àti funfun. Bí èèyàn bá lè pààrọ̀ ìyá náà, àwọn ọmọ tó ń bí á yí padà. Wọ́n á fi oògùn líle pa mùdùnmúdùn ti àtijọ́ tàbí kí wọ́n dín agbára rẹ̀ kù, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa ti ẹlòmíràn sí i lára. Wọ́n lè fa tẹni tó ń fúnni láti inú egungun ìbàdí nígbà tó bá ń sùn lábẹ́ oògùn, wọ́n sì lè gbà á láti inú iṣan apá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gún un ní abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ti ẹni tó ń gbà á kò ní ariwo rárá: àpò kan tó jọ ti ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n á so kọ́, á máa kán wọ inú iṣan rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ inú rẹ̀, tó ń bí ẹ̀jẹ̀, á fúnra wọn wá ọ̀nà egungun lọ. Ẹbí tó bá ń retí ọ̀bẹ á wò ó títí, wọ́n á ní ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyí.

Memphis ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé ó ń wo fòníkú-fọ̀ladìde sàn, ní ọdún 1984, láìjẹ́ pé torí rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ kan ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ó sì tún jẹ́ SS. Jẹjẹrẹ ni wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn fún. Àìsàn méjèèjì ló bá a lọ.

Mo bi Ìyá Ìbejì pé ẹ̀jẹ̀ wo ni Táyé ní. Ó ní AS ni. Mo ní ó tán. Bí Táyé bá jẹ́ AS tí Kẹ́hìndé jẹ́ SS, a jẹ́ pé ẹyin méjì ni wọ́n ti wá, bó ti wù kí ojú wọn jọra tó. Ìbejì tó jẹ́ ẹyin kan ló pín sí méjì, gbogbo nǹkan ni wọ́n jọ ní, àti àrùn náà: bí ọ̀kan bá jẹ́ SS, SS ni èkejì, kò sì sí ohun tó lè rí fún un. Ìbejì ẹlẹ́yin méjì tí a fi mọ àwa Yorùbá káàkiri ayé kò yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán níbi ọ̀rọ̀ yìí. Inú kan náà tí wọ́n jọ sùn kò fi ohunkóhun kún un.

Ohun tó gbọ́dọ̀ bára mu ni HLA. Àwọn àmì kan ni, tó wà lára fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì wa, tí ara fi ń mọ ti ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àjèjì. Dókítà Faransé kan, Jean Dausset, ló kọ́kọ́ ṣàwárí irú àmì bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1958, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1980. Ọ̀wọ́ kan la ń jogún lọ́dọ̀ bàbá, ọ̀wọ́ kan lọ́dọ̀ ìyá. Méjì méjì ni àwọn náà sì ní, ọ̀kan ni wọ́n ń yọ fúnni. Torí náà, bí ẹ bá mú ọmọ ìyá àti bàbá kan náà méjì, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni HLA wọn máa bára mu pátápátá. Krómósómù kẹfà ni HLA wà, kọkànlá sì ni ìdí fòníkú-fọ̀ladìde wà, kò sí èyí tó ń tẹ̀lé èkejì. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS méjèèjì, nínú ọmọ ìyá 16 tí ẹ bá lè kó jọ, 3 péré lẹ máa retí pé HLA wọn á bá ti ọmọ SS náà mu tí àwọn fúnra wọn kò sì ní jẹ́ SS. Ta ló ń bí mẹ́rìndínlógún mọ́?

Ìyá Ìbejì dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ká ní ó bára mu ńkọ́?”

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kó dé.

Ohun tí ará ilé ń bẹ̀rù ni kí ara ọmọ má kọ mùdùnmúdùn tuntun. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí kì í jẹ́ kí àwọn dókítà rí oorun sùn ni ìdàkejì rẹ̀: kí mùdùnmúdùn kọ ara ọmọ. Bí wọ́n bá fi kíndìnrín ẹlòmíràn síni lára, onílé nìkan ló lágbára láti lé àlejò. Mùdùnmúdùn kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ló ń bí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń jà, ó sì ń kó àwọn tó ti gbó nínú ìjà bọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Àlejò tó dé tòun tidà ni, tó wo yàrá yíká, tó ní òun ò mọ ojú onílé, tó wá dìde láti lé e jáde nínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́. GVHD ni wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. Níbí tí Faransé la fi ń ṣiṣẹ́, GVH la máa ń gé e sí.

Ara eku ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ní Harwell, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín àwọn ọdún 1950, Barnes àti Loutit fi ìtànṣán tó tó pa eku kọlu àwọn eku kan, wọ́n sì fún wọn ní mùdùnmúdùn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó gba ti ìran eku tiwọn yè. Àwọn tó gba ti ìran mìíràn náà kọ́kọ́ yè, ẹ̀jẹ̀ wọn padà, gbogbo èèyàn dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n ń rù, irun wọn ń dìde, ẹ̀yìn wọn tẹ̀, wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru, wọ́n sì kú. Àrùn kejì ni wọ́n sọ ọ́. Ní 1958, nígbà tí ìtànṣán jò kọlu àwọn onímọ̀ físíìsì kan ní Vinča ní Yugosláfíà, Georges Mathé fún wọn ní mùdùnmúdùn àwọn ará Faransé tó yọ̀ǹda ara wọn ní Paris. Mathé náà ló tún wá rí lára àwọn aláìsàn rẹ̀ ohun tí wọ́n ti rí lára eku. Fún bí ọdún mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn fún káàkiri ayé ló kú, ọ̀pọ̀ dókítà sì pa iṣẹ́ náà tì. E. Donnall Thomas àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Seattle kò pa á tì. Nobel ti 1990 ni èrè rẹ̀.

Ta ni oníjà náà gan-an? Sẹ́ẹ̀lì T ni. Nínú mùdùnmúdùn ni wọ́n ti ń bí i, ṣùgbọ́n inú táímọ́sì, kókó ara kan tó wà lẹ́yìn egungun àyà, ló ti ń gba ẹ̀kọ́. Títí di nǹkan bí 1960, àwọn dókítà gbà pé táímọ́sì kò wúlò fún nǹkankan. Jacques Miller, tí wọ́n bí ní Nice tó sì dàgbà ní Ọsirélíà, ló yọ ọ́ kúrò lára ọmọ eku jòjòló ní London. Àwọn eku yẹn kò lè bá àrùn jà mọ́, wọ́n sì ń gba awọ eku mìíràn tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ wọn lára láìkọ̀ ọ́. Ọdún 1961 ló tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ohun tí sẹ́ẹ̀lì T ń kọ́ nínú táímọ́sì ni àmì HLA ara tó bí i. Èyí tó bá fẹ́ bá ara yẹn jà, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa pa á. Díẹ̀ ló ń yege jáde. Ẹ wá wò ó báyìí: inú Táyé ni sẹ́ẹ̀lì T Táyé ti kọ́ ẹ̀kọ́, ara Táyé ló mọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní Kẹ́hìndé. Kódà bí HLA bá bára mu délẹ̀, àwọn èròjà kéékèèké mìíràn ṣì wà tó yàtọ̀. Bí obìnrin bá fún ọkùnrin, sẹ́ẹ̀lì T rẹ̀ á bá èròjà tó ti inú krómósómù Y wá pàdé, pàápàá bó bá ti gbé oyún ọmọkùnrin rí tí ara rẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n ní ọ̀tá. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n obìnrin bóyá ó ti bímọ. Kì í ṣe òfófó.

Rupert Billingham ló gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní 1966 lọ́nà tí a ṣì ń lò dòní: kí GVHD tó lè ṣẹlẹ̀, àfi kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó lè jà wà nínú ohun tí a fúnni, kí ara tó gbà á ní ohun tí wọn kò mọ̀, kí ara náà má sì lágbára láti lé wọn. Oògùn líle tí a fi pa mùdùnmúdùn àtijọ́ ló ń mú ẹ̀kẹta ṣẹ. Ohun tí a fi ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò náà la fi gba ohun ìjà lọ́wọ́ onílé.

Oríṣi méjì ni GVHD. Èyí tó ń tètè dé máa ń yọjú ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tuntun bá ń hù. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ á máa yún, etí á máa gbóná, kó tó tàn dé àyà àti ẹ̀yìn. Ìwé òyìnbó ní awọ á pọ́n. Lára awọ dúdú tiwa, pípọ́n yẹn lè má hàn. Ó lè ṣú sí i, ó lè dà bí àwọ̀ eérú, torí náà kí nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ wá a, kó má fi ojú nìkan wá a. Ìfun ló tún kàn. Nọ́ọ̀sì á máa wọn ìgbẹ́ gbuuru nínú ike tí wọ́n fàlà sí: bí ti àgbàlagbà bá kọjá ìlàjì lítà lóòjọ́, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti wọ ipele kìíní, bó bá kọjá lítà kan ààbọ̀, ọ̀rọ̀ ti le. Ẹ̀dọ̀ ni ẹ̀kẹta, ojú á pọ́n. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ SS kì í ṣe àjèjì sí pípọ́n, torí sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń fọ́ ń pọ́n ojú pẹ̀lú. Iṣẹ́ wa ní lábù ni láti ya oríṣi méjèèjì bilirubin, èròjà tó ń pọ́n ojú náà, sọ́tọ̀ kí dókítà lè mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀dọ̀.

Èyí tó ń pẹ́ nílẹ̀ ló burú jù lójú tèmi, torí ó máa ń wọlé nígbà tí ẹbí ti ṣe ìdúpẹ́ tán. Omijé á gbẹ lójú. Itọ́ á gbẹ lẹ́nu débi pé ọmọ tó ń jẹ ata kò ní lè fi ẹnu kan ọbẹ̀ mọ́. Awọ á le, oríkèé kò ní ká dáadáa, ẹ̀dọ̀fóró á máa fún. Ìjà yẹn lè gba ọdún púpọ̀.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn kì í gbọ́. Fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ìjà yẹn ní èrè díẹ̀: sẹ́ẹ̀lì T àlejò tó ń bá ara jà ń pa jẹjẹrẹ tó ṣẹ́ kù pẹ̀lú, àwọn tó ní GVHD díẹ̀ sì máa ń bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ju àwọn tí kò ní in rárá lọ. Dókítà jẹjẹrẹ kò fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì T sùn pátápátá. Ṣùgbọ́n fòníkú-fọ̀ladìde kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kò sí ọ̀tá kankan nínú ara Kẹ́hìndé tí sẹ́ẹ̀lì T Táyé máa bá a pa. Àdánù lásán ni gbogbo ìjà náà jẹ́ fún un. Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ń ka ìwé lórí jẹjẹrẹ fún ìyá ọmọ SS, tó ní GVHD díẹ̀ dára. Kò dára fún tiwọn.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń pẹ̀tù sí i? Ilẹ̀ ni ìrànwọ́ ńlá kan ti wá, èyí tí kò ní ya àwọn àgbà oníṣègùn wa lẹ́nu. Ní 1969, ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé oògùn Sandoz ní Basel bu erùpẹ̀ ní orí òkè Hardangervidda ní Nọ́wè nígbà ìsinmi rẹ̀. Inú ohun tó hù nínú erùpẹ̀ yẹn ni ciclosporine ti jáde, oògùn tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì T ké sí ara wọn. Erùpẹ̀ erékùṣù Rapa Nui, láàárín òkun Pàsífíìkì, tí wọ́n bù ní 1964, ni sirolimus ti jáde. Basel yìí kan náà ni Dókítà Godwin Bazuaye lọ kọ́ṣẹ́ kó tó padà sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ńlá ní ìlú Bìní, Naijíríà. Ní 2011, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pààrọ̀ mùdùnmúdùn fún ọmọkùnrin ọdún méje kan tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ọmọ ìyá rẹ̀ ló fún un. Mo rántí ọjọ́ tí a ka ìròyìn náà ní lábù. A ò lè padà sẹ́nu iṣẹ́ bọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n kó ìtàn 1,000 èèyàn jọ, láti 1986 sí 2013, tí wọ́n gba mùdùnmúdùn ọmọ ìyá wọn tí HLA rẹ̀ bára mu nítorí fòníkú-fọ̀ladìde, nǹkan bí 93 nínú 100 ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Nǹkan bí 15 nínú 100 ni GVHD tó ń tètè dé mú, nǹkan bí 14 sì ni èyí tó ń pẹ́ mú. Àwọn ọmọdé ló ṣe dáadáa jù. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń gòkè ni ewu ń pọ̀.

Ẹni tí kò ní ọmọ ìyá tó bá a mu ńkọ́? Ìwé orúkọ àwọn tó yọ̀ǹda mùdùnmúdùn wọn kún fún òyìnbó ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwa ò pọ̀ níbẹ̀. Ṣeun Adébíyìí, ọmọ Naijíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ òfin ní Yale, rí ìyẹn nígbà tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mú un ní 2009: kò rí ẹnì kankan. Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tuntun, tí ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Naijíríà fi tọrẹ, ló gbà á là. Sẹ́ẹ̀lì T inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ kò tíì mọ ìjà, wọ́n sì ń gba ìyàtọ̀ HLA mọ́ra díẹ̀. Ní 2012 ni Ṣeun dá ìwé orúkọ àwọn afúnni-ní-mùdùnmúdùn sílẹ̀ ní Enugu.

Ohun tó wá yí gbogbo rẹ̀ padà ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Johns Hopkins, ní Baltimore. Gbogbo bàbá àti ìyá ló bá ọmọ wọn mu ní ìlàjì. Tẹ́lẹ̀, ìlàjì kò tó. GVHD á pa ọmọ náà. Leo Luznik, Ephraim Fuchs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá lo cyclophosphamide, oògùn jẹjẹrẹ àtijọ́, ní ọjọ́ kẹta àti ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí mùdùnmúdùn bá wọlé. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì T tó bá ti rí ara àjèjì, tó sì ti bínú, á ti máa pín ara rẹ̀ ní kíákíá lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó bá sì ń pín lọ́wọ́ ni oògùn yẹn ń mú jù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí kò bínú ń sinmi jẹ́jẹ́, ó kọjá lórí wọn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ sì ní èròjà kan nínú tó ń ba oògùn náà jẹ́, kò rí wọn pa. Wọ́n jẹ́ kí ìjà bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè mọ àwọn oníjà.

Ìwádìí lára eku lẹ́yìn ìgbà yẹn ti fi hàn pé kì í ṣe gbogbo oníjà ló ń kú. Àwọn kan ṣẹ́ kù, agbára wọn ló ti lọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì T mìíràn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa pẹ̀tù ló sì ń ká wọn lọ́wọ́ kò. Shimon Sakaguchi ní Jàpáánì ló fi àwọn apẹ̀tù yìí hàn ní 1995. Ní oṣù kẹwàá 2025, wọ́n fún òun, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell ní Nobel lórí rẹ̀.

Ọ̀nà ìlàjì yìí ni àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà fi tọ́jú àgbàlagbà 42 tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Lẹ́yìn ọdún méjì, 95 nínú 100 ló wà láàyè. Adétọ́lá Kassim àti Michael DeBaun ti Vanderbilt, ní Nashville, wà lára àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ náà, Vanderbilt yìí náà ló sì wà lẹ́yìn LUTH àti àjọ Sickle Cell Foundation Nigeria nínú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Èkó.

Ohun kan tún wà tó dùn mọ́ mi. Kò pọn dandan kí àlejò gba gbogbo ilé. Bí ìdá kan nínú márùn-ún mùdùnmúdùn bá ti jẹ́ ti ẹni tó fúnni, ẹ̀jẹ̀ tó dáa á borí, torí sẹ́ẹ̀lì pupa tirẹ̀ ń pẹ́ láyé tí ti SS kò pẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn dókítà kan lè máa lo oògùn tí kò le tó ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí onílé àti àlejò jọ máa gbé.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Atakpamé. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá tán, ẹbí la kọ́kọ́ ń ké sí. Ẹni tó bá ń retí mùdùnmúdùn látọ̀dọ̀ ẹbí kò gbọdọ̀ máa gba ẹ̀jẹ̀ ẹbí. Gbogbo àpò ẹ̀jẹ̀ bàbá tó bá wọlé ń kọ́ ara ọmọ láti mọ bàbá ní ọ̀tá, lọ́jọ́ tí mùdùnmúdùn bàbá bá wá dé, ara á ti dúró dè é. Sẹ́ẹ̀lì T inú ẹ̀jẹ̀ ìbátan sì lè dá GVHD sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta ìtànṣán sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí, Ìyá Ìbejì gbá orí mú. Ẹ̀jẹ̀ bàbá wọn ni Kẹ́hìndé ti ń gbà láti kékeré. Mo ní kó sọ ọ́ fún dókítà bó ṣe rí. Kì í ṣe ẹjọ́ ikú.

Ciclosporine tàbí sirolimus ni ọmọ á máa lò fún oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn ju ọdún kan lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa wọn iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá kéré jù, ìjà á bẹ̀rẹ̀; bó bá pọ̀ jù, kíndìnrín á jìyà. Àgbo lè gbé e sókè tàbí kó fà á wálẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Mo máa ń sọ èyí láìbu ọlá àwọn alágbo kù: gbé àgbo tì títí tí dókítà á fi ní ó yá. Ibà, ikọ́ ẹ̀gbẹ, àrùn mẹ́dọ̀wú B tó ti sùn nínú ẹ̀dọ̀ láti ọdún pípẹ́, gbogbo wọn lè jí nígbà tí sẹ́ẹ̀lì T bá wà lábẹ́ oògùn. Oòrùn oko òwú àti oko iṣu ń ru GVHD awọ sókè. Àpá abẹ́rẹ́ BCG á wà ní apá síbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbà èwe kọ́ ara ti lè parẹ́; wọ́n á tún un gún láti ìbẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, tí wọ́n ń béèrè káàdì rẹ̀ ní ẹnubodè, kò ṣeé gún kí ọdún bíi méjì tó kọjá, bí GVHD bá sì wà nílẹ̀, kò ṣeé gún rárá.

Nǹkan bí 100 ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń fẹ́ kí èèyàn wà nítòsí ilé ìwòsàn. Láti ibí dé Lomé, ó tó 160 kìlómítà. Ká wá kọjá Hilacondji, ká la Kútọnu já, ká kọjá Kraké, ká tó dé Èkó. Ta ni yóò máa ta aṣọ nínú ọjà? Owó yàrá, owó oúnjẹ, owó ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ, inú owó mùdùnmúdùn ni gbogbo rẹ̀ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sí nínú ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ ń fúnni. Mo ní kí Ìyá Ìbejì béèrè ohun kan ju gbogbo rẹ̀ lọ: bí GVHD bá dé ní oṣù kẹfà, ta la máa pè, ibo la máa gbé e lọ, oògùn wo ló sì wà nílẹ̀ bí sítẹ́rọ́ìdì, tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún un, kò bá ká a? Ilé ìwòsàn tí kò bá lè dáhùn ìyẹn kò tíì ṣe tán.

Ó ti gbọ́ nípa ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní Casgevy náà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ní òpin 2023. Mùdùnmúdùn ẹni fúnra ẹni ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀, kò sí àlejò, kò sí GVHD. Mílíọ̀nù méjì lé igba ẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n fi lé e ní Amẹ́ríkà. A rẹ́rìn-ín, a sì gbé e tì.

Fún ìsinsìnyí, kápúsù hydroxyurea ni Kẹ́hìndé ń lò, ìrora rẹ̀ sì ti dín. Egungun ìbàdí rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Dókítà ló máa sọ bóyá ó tó ohun tí a ń torí rẹ̀ pààrọ̀ mùdùnmúdùn. Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ló bi mí ní ohun tí ìyá rẹ̀ kò bi mí, nígbà tí ìyẹn ti jáde lọ wá ọ̀kadà.

“Bàbá, bí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀ tí mo di AS bíi ti Táyé, ṣé mo lè fẹ́ AS nìyẹn?”

Mo ní rárá. Ẹ̀jẹ̀ ló máa yí padà, kódà bí O àti A ẹ̀jẹ̀ wọn bá yàtọ̀, ti Táyé ló máa di tirẹ̀. Bó bá gbé apá fún mi ní lábù, AS ni máa kọ. Àtọ̀ kò ti inú mùdùnmúdùn wá. S ló wà nínú gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀, S náà ni yóò máa jẹ́. Bó bá fẹ́ AS, ìlàjì ọmọ wọn ni a lè retí pé wọ́n á jẹ́ SS. Oògùn líle tí wọ́n fi ń palẹ̀ mùdùnmúdùn mọ́ sì tún lè pa àtọ̀ lára, torí náà kó bi wọ́n léèrè ṣáájú bóyá ọ̀nà wà láti tọ́jú díẹ̀ pamọ́.

Ó ní òun ti ń bá AS kan sọ̀rọ̀, ní Anié. Mo ní kí wọ́n jọ wá.